Orí Kẹrin: Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Ẹran, Láti Ọrùn Màlúù Dé Abẹ́ Máíkírósíkóòpù

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe

Bí ẹ bá ti ka orí yìí tán, tí ẹ sì ti fọwọ́ ara yín ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀, ẹ ó lè:

- gba ẹ̀jẹ̀ lára màlúù, ewúrẹ́, ajá àti adìẹ láìba ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́;
- yan túùbù tó bá àyẹ̀wò mu, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi yàn án;
- wọn PCV, kí ẹ sì ka àwọ̀ omi tó wà lókè sẹ́ẹ̀lì pupa;
- wá Trypanosoma nínú ẹ̀jẹ̀ tútù, kí ẹ sì wá Babesia lórí síláìdì tí a ti pa láró;
- kọ èsì tí dókítà ẹran yóò lè gbára lé.

4.1 Iṣẹ́ yìí àti ẹni tó ń ṣe é

Màlúù kò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Bí ó bá ń rù, tí kò jẹun dáadáa mọ́, tí irun ara rẹ̀ gbẹ tó sì dìde, ohun tó lè fà á pọ̀. Ó lè jẹ́ sammore (àrùn tí Trypanosoma ń fà), ó lè jẹ́ aràn inú, ó lè jẹ́ ibà tí eégbọn ń kó ran ẹran, ó sì lè jẹ́ ebi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lásán. Ojú nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Dókítà ẹran á wo ẹran, á fọwọ́ kàn án, á wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́ran, lẹ́yìn náà á kọjú sí ilé àyẹ̀wò. Ohun tí a bá sọ fún un níbẹ̀ ni yóò fi yan oògùn, òun náà ni yóò sì pinnu owó tí ẹlẹ́ran máa ná àti bóyá ẹran yóò yè.

Ìlànà kan wà tó di gbogbo orí yìí mú: èsì àyẹ̀wò kò lè dára ju ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lọ. Ẹ̀rọ tó wọ́n jù lọ kò lè tún ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́ ṣe, kò sì lè mọ̀ pé nọ́ńbà màlúù mìíràn ni a kọ sára túùbù. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí àyẹ̀wò yóò bá dára, ẹ̀gbẹ́ ẹran ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó mú abẹ́rẹ́ dání.

Ní Nàìjíríà, National Veterinary Research Institute tó wà ní Vom, nítòsí Jos, ti wà láti ọdún 1924, ibẹ̀ sì ni a ń fi ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tó le ránṣẹ́ sí. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àyẹ̀wò orí yìí kò béèrè ilé ńlá. Sẹ́ńtífúùjì kékeré kan, máíkírósíkóòpù kan tó mọ́, aró tí a pò bó ṣe yẹ, àti ọwọ́ tí kì í kánjú ti tó. Ọ́fíìsì ẹran ní Ṣakí tàbí Ìgbòọrà lè ṣe wọ́n lóòjọ́ tí a gba ẹ̀jẹ̀, kí ẹlẹ́ran tó kúrò níbẹ̀.

4.2 Kí abẹ́rẹ́ tó wọ ara ẹran

Ìbéèrè ló ṣáájú. Ẹ kọ irú ẹran náà sílẹ̀, ẹ̀yà rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, bóyá akọ ni tàbí abo, ibi tó ti wá, ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, àti iye àwọn yòókù tó ń ṣe bíi tirẹ̀ nínú agbo. Ìbéèrè kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò: «Abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n ti gún un, ọjọ́ wo sì ni?» Ọ̀pọ̀ darandaran ló ń gbé diminazene, oògùn sammore, kiri nínú àpò. Bí wọ́n bá ti gún màlúù ní àná, kòkòrò sammore lè ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lónìí, bẹ́ẹ̀ àrùn náà gan-an ló dá a wó. Ìdí nìyí tí a fi ń gba ẹ̀jẹ̀ ṣáájú ìtọ́jú. Bí ìtọ́jú bá ti ṣáájú, ẹ kọ ọ́ gedegbe sórí fọ́ọ̀mù.

Ẹ kọ nọ́ńbà ẹran sára túùbù fúnra rẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sórí ìdérí. Níbi tí a bá ti ń ṣí túùbù mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, ìdérí lè bọ́ sórí túùbù ẹlòmíràn. Ẹ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ inú rẹ̀, kí ẹ tó kọjú sí ẹran tó kàn.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ méjèèjì dá ìdérí abẹ́rẹ́ padà sórí rẹ̀. Inú ike tó nípọn, tí abẹ́rẹ́ kò lè gún jáde, ni kó máa lọ tààrà.

*Ìkìlọ̀.* Bí ẹran bá kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì ń jáde ní imú, ní ẹnu tàbí ní ìdí rẹ̀, ẹ fura sí anthrax. Ẹ má ṣe là á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kùn ún. Bí afẹ́fẹ́ bá kan kòkòrò anthrax, yóò sọ ara rẹ̀ di ohun líle tó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń pa ènìyàn. Ní oṣù Keje ọdún 2023, wọ́n fìdí àrùn yìí múlẹ̀ lára àwọn ẹran oko kan ní ìpínlẹ̀ Niger. Ẹ ké sí dókítà ẹran lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá pọn dandan, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti inú iṣan etí ló ń tó, ẹni tí a ti kọ́ níṣẹ́ náà ni yóò sì gbà á.

4.3 Gbígba ẹ̀jẹ̀

Iṣan tí a ń lò yàtọ̀ láti ẹran dé ẹran. Ti màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn ni iṣan ńlá tó gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn kọjá. Ti màlúù tún lè jẹ́ iṣan abẹ́ ìrù. Ti ajá sábà máa ń jẹ́ iṣan iwájú apá, ti adìẹ sì ni iṣan tó hàn lábẹ́ ìyẹ́ apá. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18 bá ọrùn màlúù mu, nọ́ńbà 21 bá ajá mu, nọ́ńbà 23 tàbí èyí tó tún tín-ín-rín jù ú lọ bá adìẹ mu.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ẹran dì í mú pẹ̀lú sùúrù. Ìrọ̀rùn ẹran nìkan kọ́ ló fà á. Bí ajá tàbí ẹṣin bá jà, tí ẹ̀rù sì bà á, ọlọ inú rẹ̀ yóò fún sẹ́ẹ̀lì pupa tó fi pamọ́ jáde sínú ẹ̀jẹ̀, PCV (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ wo 4.4) yóò sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ajá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dín kù lè tipa bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni pé ara rẹ̀ le.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ ihò ọrùn títí iṣan yóò fi wú. Ẹ fi òwú tí a rì sínú ọtí nù ún, kí ẹ sì dúró kí ó gbẹ, nítorí ọtí tútù máa ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì. Ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ sì fa sírínjì jẹ́jẹ́. Bí a bá ń fa á tagbára-tagbára pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, sẹ́ẹ̀lì pupa yóò fọ́, omi ẹ̀jẹ̀ yóò sì pupa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti tó, ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu sírínjì kí ẹ tó dà á sínú túùbù, kí ẹ jẹ́ kó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ túùbù lọ sísàlẹ̀.

Àwọ̀ ìdérí ló ń sọ ohun tó wà nínú túùbù:

- *Pupa:* kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yóò dì, omi mímọ́ tó jáde lára rẹ̀ ni sírọ́ọ̀mù. Òun ni a fi ń ṣe Rose Bengal àti àwọn àyẹ̀wò mìíràn tó ń wá ohun tí ara fi ń bá àrùn jà.
- *Àwọ̀ àlùkò:* EDTA ló wà nínú rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Òun ni ti PCV àti ti síláìdì.
- *Àwọ̀ ewé:* heparin. Òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.
- *Àwọ̀ eérú:* fluoride. Ó ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró kí wọ́n má baà jẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tán kí a tó wọ̀n ọ́n.

Ẹ máa da ẹ̀jẹ̀ sínú pupa kí ẹ tó da sínú àlùkò. EDTA máa ń di kálísíọ̀mù mú, ìyọ̀ potasíọ̀mù sì ni èyí tí a sábà ń lò. Bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá bọ́ sínú túùbù pupa, kálísíọ̀mù yóò já wálẹ̀, potasíọ̀mù yóò sì ga, bẹ́ẹ̀ ara ẹran kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ẹ kún túùbù EDTA dé ojú ìlà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kéré, EDTA yóò pọ̀ jù ú lọ, yóò fa omi jáde nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, wọn yóò sì sún kì. PCV yóò wá kéré láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ẹran dín kù. Bí ẹ bá ti dé e, ẹ yí i lórí kodò jẹ́jẹ́ ní ìgbà 8 sí 10. Ẹ má ṣe mì í.

Ẹ gbé túùbù pupa síbi òjìji nínú yàrá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dì, lẹ́yìn náà kí ẹ ya sírọ́ọ̀mù sọ́tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a kò tíì yà kò gbọdọ̀ wọ ibi tó ń sọ nǹkan di yìnyín. Nínú kúlà pẹ̀lú, ẹ fi ìwé ìròyìn tàbí aṣọ wé yìnyín kí túùbù má baà fara kàn án. Ẹ má sì gbàgbé túùbù sórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán.

4.4 PCV

PCV ni iye tí sẹ́ẹ̀lì pupa jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò tó rọrùn ni, kò sì wọ́n, síbẹ̀ kò sí èyí tó tètè fi àìtó ẹ̀jẹ̀ hàn tó o.

1. Ẹ yí túùbù EDTA lórí kodò lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ̀jẹ̀ lè dàpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti jókòó sísàlẹ̀ yóò fúnni ní èsì èké.
2. Ẹ ti ẹnu túùbù tín-ín-rín bọ ẹ̀jẹ̀, kí ó fà á wọlé títí yóò fi tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
3. Ẹ fi amọ̀ ìdíhò dí ẹnu kan. Ẹ pèsè túùbù méjì fún ẹran kọ̀ọ̀kan.
4. Ẹ tò wọ́n sínú sẹ́ńtífúùjì, ẹnu tí a dí sí ìta, kí wọ́n kọjú síra kí ẹ̀rọ má baà gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kó yí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ní yíyí 10,000 sí 12,000 ní ìṣẹ́jú kan.
5. Ẹ kà á ní kété tó bá dúró.

Ohun mẹ́ta ni ẹ ó rí: sẹ́ẹ̀lì pupa nísàlẹ̀, ìpele funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lórí rẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ lókè pátápátá. Ìpele funfun kò sí nínú ìṣirò pupa. Bí kò bá sí káàdì ìkàwé, rúlà lásán tó: ẹ wọn gígùn pupa, ẹ pín in pẹ̀lú gígùn gbogbo rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pupa dé òkè omi, kí ẹ sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí èsì túùbù méjèèjì bá fi ju 2 lọ yàtọ̀ síra, ẹ tún un ṣe.

Ìwọ̀n tí a sábà ń rí lára ẹran tó wà ní àlàáfíà nìyí:

| Ẹran | PCV (%) |
|---|---|
| Ajá | 37–55 |
| Màlúù | 24–46 |
| Àgùntàn | 27–45 |
| Ewúrẹ́ | 22–38 |
| Ẹṣin | 32–53 |
| Adìẹ | 22–35 |

Ẹ kíyè sí i pé 26 jẹ́ àlàáfíà fún ewúrẹ́, ó sì jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀ fún ajá. Nọ́ńbà kò nítumọ̀ láìsí irú ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa ajá fẹ̀ tó máíkírómítà 7, ti màlúù jẹ́ 5 sí 6, ti ewúrẹ́ kò sì ju 4 lọ. Nítorí pé ti ewúrẹ́ kéré, ó máa ń pẹ́ kó tó sún mọ́ra, ó sì dára kí a fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún yíyí ẹ̀rọ fún un.

Kí ẹ tó gbé túùbù kúrò lọ́wọ́, ẹ wo àwọ̀ omi òkè. Bí ti ajá bá pọ́n bí àtalẹ̀ pupa, ẹ fura sí ibà pọ́njú: bóyá ẹ̀dọ̀ ń ṣàìsàn, bóyá sẹ́ẹ̀lì pupa ń fọ́ nínú ara. Ti màlúù àti ẹṣin lè pọ́n díẹ̀ láti inú koríko tútù tí wọ́n ń jẹ, ìyẹn kì í ṣe àrùn. Bí omi bá pupa, sẹ́ẹ̀lì ti fọ́, yálà nínú ara ẹran tàbí lọ́wọ́ ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ gba òmíràn pẹ̀lú ìṣọ́ra kí ẹ lè mọ èyí tó jẹ́. Bí ó bá funfun bíi mílíìkì, ọ̀rá ló wà nínú rẹ̀, ajá náà lè ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni.

4.5 Wíwá kòkòrò sammore nínú ìpele funfun

Ní ọdún 1895, ní ilẹ̀ Zulu ní ìhà gúúsù Áfíríkà, David Bruce rí kòkòrò kan tó ń jàn-án-jàn-án nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù tí àrùn ń pa. Láti ara orúkọ rẹ̀ ni Trypanosoma brucei ti jáde. Ní ilẹ̀ wa, mẹ́ta ló ń yọ màlúù lẹ́nu jù: T. vivax, T. congolense àti T. brucei. Eṣinṣin sẹ̀sẹ̀ ló ń gbé wọn. T. vivax tún lè tara àwọn eṣinṣin mìíràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ kọjá, nítorí náà a lè rí i níbi tí eṣinṣin sẹ̀sẹ̀ kò sí.

Kòkòrò yìí kì í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù. Bí a bá yí ẹ̀jẹ̀ nínú sẹ́ńtífúùjì, àárín ìpele funfun àti òkè sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń kó ara jọ sí. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í ju túùbù PCV nù. Max Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ọ̀nà tí a ń lò yìí jáde ní ọdún 1977:

1. Ẹ fi ohun mímú ha ara túùbù ní mílímítà kan nísàlẹ̀ ìpele funfun, kí ẹ sì ṣẹ́ ẹ níbẹ̀, kí díẹ̀ nínú pupa bá a lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ sì dáàbò bo ojú.
2. Ẹ rọra ti ìpele funfun jáde sórí síláìdì pẹ̀lú omi díẹ̀ nínú èyí tó wà lókè rẹ̀. Ẹ pò ó, kí ẹ sì fi gíláàsì ìbòrí bò ó.
3. Ẹ fi lẹ́ǹsì 40 wò ó. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù yóò bo kòkòrò mọ́lẹ̀.

Ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí ni pé sẹ́ẹ̀lì pupa ń mì láìsí ohun tó fọwọ́ kàn wọ́n. Kòkòrò ló ń tì wọ́n. T. vivax tóbi, ó máa ń sáré la ojú ìran kọjá láìdúró. T. congolense kéré, kì í rìn jìnnà, ó fẹ́ràn kó máa rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa. T. brucei máa ń jà lójú kan, bí awọ pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́ sì hàn kedere. Ìrìn yìí ń tọ́ni sọ́nà, ṣùgbọ́n síláìdì tí a pa láró ni yóò fìdí irú rẹ̀ múlẹ̀.

Kòkòrò òkú kì í rìn. Ẹ gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú oòrùn, ẹ wò ó láàárín wákàtí díẹ̀ tí a gbà á, kí ẹ sì wo ìpele funfun ní kété tí ẹ̀rọ bá dúró.

Ohun méjì yìí ṣe pàtàkì nínú ìtumọ̀ èsì. Èkíní, Trypanosoma máa ń pààrọ̀ ẹ̀wù ara rẹ̀. Bí ara màlúù bá ti mọ ẹ̀wù kan, tó sì pa àwọn tó wọ̀ ọ́, àwọn tó ti wọ òmíràn yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí. Iye wọn máa ń ga, ó máa ń wálẹ̀. Nítorí náà, bí a kò bá rí i lónìí, ìyẹn kò fi hàn pé kò sí lára ẹran. A lè ní láti tún ẹ̀jẹ̀ gbà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Èkejì, Muturu, N'Dama àti Kétékú lè gbé kòkòrò náà sára láìjẹ́ pé PCV wọn já wálẹ̀ púpọ̀, àmọ́ àrùn náà ń wó White Fulani mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀yà màlúù fi gbọ́dọ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù.

4.6 Ẹ̀jẹ̀ títẹ́ sórí síláìdì àti aró Giemsa

Gustav Giemsa, ará Jámánì, ló ṣe àtúnṣe aró tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ọdún 1904, a kò sì tíì yé lò ó.

1. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí ìdí síláìdì. Methanol máa ń nu ọ̀dà bírò kúrò, kì í nu ti pẹ́ńsù.
2. Ẹ kán ẹ̀jẹ̀ kékeré kan sí ìtòsí ìdí síláìdì. Ẹ mú síláìdì kejì, ẹ dà á kọ̀ sẹ́yìn ní ìwọ̀n 30 sí 45, ẹ fà á kan ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè sáré gba etí rẹ̀, kí ẹ sì tì í síwájú lẹ́ẹ̀kan, láìdúró lọ́nà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣàn bí omi nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹ na síláìdì ró díẹ̀ sí i.
3. Ẹ fẹ́ ẹ kí ó tètè gbẹ. Lákòókò òjò, bí ó bá pẹ́ kó tó gbẹ, sẹ́ẹ̀lì yóò bàjẹ́, ihò dídán yóò sì wà nínú wọn.
4. Ẹ rì í sínú methanol fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Síláìdì tí a kò tíì rì kò gbọdọ̀ wà ní gbangba mọ́jú. Eṣinṣin àti aáyán máa ń jẹ ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀.
5. Ẹ po Giemsa, ìdá kan mọ́ ìdá mẹ́sàn-án omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 7.2. Ẹ rì síláìdì sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí tí a pò lónìí kò wúlò lọ́la.
6. Ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ sì gbé e nàró kí ó gbẹ.

Síláìdì tó dára nípọn níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fẹ́lẹ́ lọ títí yóò fi parí kí ó tó dé etí síláìdì. Bí ẹ bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ìlà kò gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀.

4.7 Kíka síláìdì

Ẹ fi lẹ́ǹsì 10 yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí ẹ tó kán òróró sí i fún lẹ́ǹsì 100. Ibi tó fẹ́lẹ́, tí sẹ́ẹ̀lì tò lọ láìgun ara wọn, ni kí ẹ ti kà.

*Babesia.* Ó wà lára kòkòrò tó ń fa ibà tí eégbọn ń kó ran ẹran. Èyí tó ń dá ajá dùbúlẹ̀ jù ní Nàìjíríà ni Babesia rossi. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń gbé. Ìdí rẹ̀ rí roboto, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ó sì sábà máa ń jẹ́ méjì nínú sẹ́ẹ̀lì kan, tí ẹnu wọn kọjú síra. Sẹ́ẹ̀lì tó ní Babesia máa ń há sínú àwọn iṣan kéékèèké, nítorí náà ẹ fi abẹ́rẹ́ kan etí ajá, kí ẹ sì fi ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ṣe síláìdì kan mọ́ ti iṣan apá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti rí i nínú ti etí tí a kò rí i nínú ti apá.

*Anaplasma marginale.* Lára màlúù, ó dà bí ààmì dúdú kékeré kan ní etí sẹ́ẹ̀lì pupa.

*Sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun.* Wọ́n tóbi ju àwọn yòókù lọ, àwọ̀ aró sì wà lára wọn díẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ajá tàbí màlúù tí PCV rẹ̀ kéré, mùdùnmúdùn inú egungun ń gbìyànjú láti dá ẹ̀jẹ̀ padà. Ìròyìn ayọ̀ ni fún dókítà. Ẹṣin kì í tú wọn jáde, nítorí náà ẹ má wá wọn nínú tirẹ̀. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì pupa adìẹ ló ní kókó láàárín. Ẹ má pè é ní kòkòrò.

*Ìdọ̀tí aró.* Èyí ló ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ jù. Ẹ yí ìdè máíkírósíkóòpù díẹ̀. Bí ààmì náà bá mọ́ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì rí bàìbàì, tó sì rí bàìbàì nígbà tí sẹ́ẹ̀lì mọ́, orí sẹ́ẹ̀lì ló jókòó sí, kò sí nínú rẹ̀. Ìdọ̀tí aró máa ń wà láàárín sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú, níbi tí Babesia kò sábà sí. Ẹ ka ojú ìran 100, ó kéré tán, kí ẹ tó kọ pé ẹ kò rí nǹkan.

4.8 Rose Bengal

Rose Bengal ni a fi ń wá àrùn tí kòkòrò Brucella ń fà. Brucella ń mú kí màlúù ṣẹ́ oyún, ó sì ń ran àwọn tó ń fún wàrà, tó ń gbẹ̀bí ẹran, tó ń kun ẹran lódò ẹran. Ẹ gbé egbòogi àyẹ̀wò kúrò nínú fíríìjì kí òtútù rẹ̀ kúrò. Ẹ kán sírọ́ọ̀mù 30 máíkírólítà sórí pẹpẹ funfun, ẹ kán egbòogi náà bákan náà sí i, ẹ pò wọ́n, kí ẹ sì máa mì í jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bí ó bá ṣù, bó ti wù kó kéré tó, ẹ kọ pé ó ṣù. A ó sì fi àyẹ̀wò mìíràn tì í lẹ́yìn. Ẹ ṣe sírọ́ọ̀mù tí a mọ̀ pé ó ń ṣù àti èyí tí a mọ̀ pé kì í ṣù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí èyí tó yẹ kó ṣù kò bá ṣù, gbogbo èsì ọjọ́ náà di asán.

4.9 Àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ ká sọ pé abo White Fulani kan, ọmọ ọdún márùn-ún, wá láti agbo kan ní Òkè-Ògùn. Ó ti ń rù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, wọn kò sì tíì gún un lábẹ́rẹ́ kankan. Túùbù EDTA kún dé ojú ìlà. Nínú túùbù tín-ín-rín èkíní, gbogbo rẹ̀ gùn tó mílímítà 50, pupa sì jẹ́ 9:

9 ÷ 50 × 100 = 18%

Nínú èkejì, pupa jẹ́ 9.5, ìyẹn 19%. Ìyàtọ̀ wọn kò ju 2 lọ, a sì kọ 18.5% sílẹ̀. Omi òkè mọ́, kò pọ́n ju bó ṣe yẹ. Nínú ìpele funfun, a rí kòkòrò tó ń sáré kọjá. Lórí síláìdì, ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, ààmì dúdú ńlá kan sì wà ní òpin rẹ̀ pátápátá. T. vivax nìyẹn.

Ẹ wá wò ó pé òṣìṣẹ́ kan da ìdajì mílílítà péré sínú túùbù EDTA tó yẹ kó gba méjì. Sẹ́ẹ̀lì yóò sún kì, PCV yóò wálẹ̀ sí i, dókítà lè rò pé ẹran náà ti dé bèbè ikú, kó sì gba ẹlẹ́ran nímọ̀ràn láti pa á. Ẹ wò ó pẹ̀lú pé ó gbé ẹ̀jẹ̀ sínú ọkọ̀ gbígbóná títí di ìrọ̀lẹ́. Kòkòrò yóò ti kú, yóò kọ pé òun kò rí nǹkan, màlúù yóò sì padà sínú agbo láìgba ìtọ́jú. Ẹ̀rọ kan náà, aró kan náà, ẹran kan náà; ọwọ́ ló yàtọ̀.

4.10 Kíkọ èsì

Èsì tó pé máa ń ní nọ́ńbà ẹran, irú àti ẹ̀yà rẹ̀, ọjọ́ àti aago tí a gba ẹ̀jẹ̀, aago tí a wò ó, ọ̀nà tí a lò, ohun tí a rí, bí ẹ̀jẹ̀ náà ti rí nígbà tó dé, àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Ẹ kọ «A kò rí Trypanosoma nínú ìpele funfun». Ẹ má kọ «Kò ní sammore». Èkíní ni ohun tí ojú yín rí, dókítà ló sì ni èkejì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì nínú túùbù EDTA, tàbí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti fọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ béèrè òmíràn. Ẹni tó bá kọ̀ láti lo ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́ ti gba ẹran lọ́wọ́ ìtọ́jú tí kò yẹ ẹ́, ó sì ti gba ẹlẹ́ran lọ́wọ́ ìnáwó asán.

Ìbéèrè àti iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí nìdí tí a fi ń da ẹ̀jẹ̀ sínú túùbù pupa ṣáájú èyí tó ní EDTA?
2. Gígùn ẹ̀jẹ̀ ajá kan nínú túùbù jẹ́ mílímítà 56, pupa sì jẹ́ 14. Ṣírò PCV rẹ̀. Ṣé ó wà nínú ìwọ̀n àlàáfíà? Bí ó bá jẹ́ ti ewúrẹ́ ńkọ́?
3. Omi ẹ̀jẹ̀ àgùntàn kan pupa. Kọ ohun méjì tó lè fà á, àti bí o ṣe máa mọ èyí tó jẹ́.
4. Kọ ìyàtọ̀ ìrìn T. vivax, T. congolense àti T. brucei.
5. Darandaran kan sọ pé òun ti gún màlúù òun ní diminazene ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Kí ni wàá kọ sórí fọ́ọ̀mù, báwo ni yóò sì ṣe kan ìtumọ̀ èsì?
6. *Ní yàrá àyẹ̀wò:* Ṣe síláìdì mẹ́wàá láti inú ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ kan, kí o pa wọ́n láró, kí o sì yan mẹ́ta tó dára jù. Kọ ohun tó mú kí méje yòókù má tó wọn.
7. *Ní yàrá àyẹ̀wò:* Kún túùbù EDTA kan dé ojú ìlà, kí o sì da ìdá kan nínú mẹ́rin sínú òmíràn, láti inú ẹ̀jẹ̀ kan náà. Wọn PCV méjèèjì lẹ́yìn wákàtí kan, kí o sì ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí o bá rí.